Kámẹ́rà Tí Yóò Mú Ilé Bàbá Dúró Ṣánṣán

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá 2019. Ìlaro.

Mo tún gbé fọ́tò ilé Ìlobì fún Bàbá. Ó wò ó, ó dá a padà. Ó ní, "Sẹ̀kí, ilé mi kò tẹ̀. Kámẹ́rà rẹ ló tẹ̀."

Òótọ́ ni. Òun àti àbúrò rẹ̀ tó ti dolóògbé ló fọwọ́ ara wọn mọ ilé alájà yẹn, okùn olójé ni wọ́n fi wọn gbogbo ògiri. Èmi ni mo ní láti gbójú kámẹ́rà sókè kí òrùlé tó lè hàn. Bí mo bá sì ti gbé e sókè báyìí, ilé á dà bí ẹni fẹ́ ṣubú sẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n mi Mùnírù (Ọ̀gá Sìmẹ́ǹtì ni mò ń pè é, tó ń wa tírélà sìmẹ́ǹtì ní Ibese) fẹ́ kí a wó ilé náà kó tó wó pa èèyàn. Fọ́tò mi ló fi ṣe ẹ̀rí. Láti ìgbà náà, Bàbá kì í gbé ìpè rẹ̀. Itan rẹ̀ tó kán kò sì jẹ́ kí Bàbá lè lọ wo ilé fúnra rẹ̀.

Mo fẹ́ ya ilé yẹn bó ṣe dúró gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5.

Mo pe Músíọ̀ Bàrúwà ní Àjàṣẹ́, lódìkejì bọ́dà, àgbà ayàwòrán tó kọ́ ọ̀gá mi níṣẹ́. Ó ní kámẹ́rà mónórélì ni mo nílò: lẹ́ǹsì níwájú, gíláàsì lẹ́yìn, aṣọ dúdú tó ká bíi ti àkọ́díọ̀nù láàárín, gbogbo rẹ̀ lórí ọ̀pá irin kan. Èèyàn lè gbé lẹ́ǹsì nìkan sókè kí ẹ̀yìn má mira. Ògiri ò ní tẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ní ọ̀kan. Ó fẹ́ fi sílẹ̀ fún mi. Àmọ́ bọ́dà —

"Fẹmé, ó tì pa, ọmọ mi. Bí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, àtèmi àtìwọ la pàdánù." Ó ní kí n wá òmíràn lọ́dọ̀ wa, òun á bá mi yàn án lórí fóònù.

Ọjọ́bọ̀, 7.

Ìjọba ní kí àwọn iléepo tó sún mọ́ bọ́dà má gba epo mọ́. Gbogbo ìlú ń ráhùn, èmi ń ronú kámẹ́rà. Kí Ọlọ́run má bínú sí mi.

Àbámẹ́ta, 9. Abẹ́òkúta.

Kámẹ́rà onígi ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ń dán, ó ṣeé pa dé bí àpótí, ó fúyẹ́. Ó wù mí dọ́kàn. Músíọ̀ ní kí n gbé lẹ́ǹsì rẹ̀ sókè títí yóò fi kọ̀. Díẹ̀ báyìí, ó kọ̀. "Ilé alájà ò ní wọ inú ẹ̀." Mo dì í padà fún olówó rẹ̀. Ojú mi kò kúrò lára rẹ̀ títí mo fi jáde.

Ọjọ́rú, 13. Èkó.

Mónórélì! Nínú ilé ìtẹ̀wé kan tó ti kógbá wọlé. Ó wúwo bí ọlọ. Músíọ̀ ní kí n wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kí n ki tọ́ọ̀ṣì sínú aṣọ dúdú náà. Ó ti lu síbi mélòó kan. Ìmọ́lẹ̀ ń yọ. Ó bi mí: ṣé lẹ́ǹsì ń gòkè dáadáa? Bí o bá fún ìdè rẹ̀, ṣé kì í yọ̀ wálẹ̀?

Ó gòkè. Kò yọ̀.

"Mú un. Ihò ṣeé lẹ̀. Èyí tí kò lè gòkè, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i." Ó rẹ́rìn-ín. "Dùsmọ̀ o, rọra, má gbé e bí àpò gaàrí."

Ẹni tí ìbá ta tirẹ̀ fún mi ló bá mi yan ti ẹlòmíràn. Kí ni mo ṣe fún ọkùnrin yìí?

Ọjọ́ Ẹtì, 15.

Mo lẹ ihò. Mo tan tọ́ọ̀ṣì — dúdú kirikiri. Alhamdulillahi.

Àìkú, 17.

Mo dán an wò lójú fèrèsé. Gbogbo àdúgbò dorí kodò lójú gíláàsì, ewúrẹ́ àti ọlọ́kadà. Mo rẹ́rìn-ín títí Bàbá fi bèèrè ohun tó dé.

Ọjọ́bọ̀, 21. Ìlobì.

Lukman ọlọ́kadà tọ́jú epo dè mí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó so kámẹ́rà mọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ. Fíìmù tí wọ́n fi ń ya àyà ní ọsibítù ni mo gé sínú rẹ̀.

Mo mú kámẹ́rà dúró ṣánṣán. Mo rọra gbé lẹ́ǹsì sókè. Òrùlé wọlé díẹ̀díẹ̀, ògiri kò sì mira. Mo sunkún lábẹ́ aṣọ tí mo fi borí kí n lè rí gíláàsì. Lukman rò pé ooru ni.

Àìkú, 24.

Mo fọ fíìmù, mo sọ ọ́ di ńlá. Ilé gún régé. Ṣùgbọ́n ohun tí mi ò kíyè sí lọ́hùn-ún, níbi tí mo ti tẹjú mọ́ òrùlé: ògiri ti là, láti abẹ́ fèrèsé òkè dé ìpìlẹ̀.

Mo lè fi kọ̀ǹpútà pa á rẹ́. Bàbá ò ní mọ̀ láéláé. Mo jókòó tì í fún ìgbà pípẹ́.

Mi ò pa á rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 26.

Bàbá gbé fọ́tò lé orí itan. Ó fi ìka tọ etí ògiri láti òkè wá sílẹ̀. "Ó gún," ló wí. Lẹ́yìn náà, ìka náà dé ibi tó là. Ó dúró níbẹ̀.

"Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ló rì. Ọwọ́ wa kọ́. Pe Mùnírù fún mi."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì. Bàbá dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu: "Ṣé o ti jẹun? Wá ní Sátidé. Mú àwọn tí yóò wó ilé náà dání, kí n sọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò yẹ, á wó lù wọ́n."

Mo ń gbọ́ ẹkún ọ̀gá onítírélà lórí fóònù. Bàbá ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ó ń ṣàlàyé nìṣó: kí wọ́n kọ́kọ́ sọ páànù kalẹ̀, lẹ́yìn náà igi àjà, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ògiri.