Ilẹ̀ Àká Tí Ó Gbé Ẹsẹ̀ Ìyá Rẹ Mì

Ẹ̀bá Ọ̀sà, Bàrígà,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹsàn-án, 1956.

Ìbídàpọ̀ ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárọ̀, mo kí ọ kú ọ̀sán, mo kí ọ kú alẹ́ pẹ̀lú, nítorí n kò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí yóò tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ní Ìbàdàn. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi ọ̀sà gbé wa lọ kò ní jẹ́ kí ayé gbé ọ lọ. Inú wa dùn pé o ti parí ìdánwò àwọn tíṣà. A mọ̀ pé o yege, ìyá rẹ ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò dúró de èsì.

Gbogbo wa wà láàyè. Ewúrẹ́ wa bí méjì. Ilá àti ata ẹ̀yìnkùlé ń ṣe dáadáa. Ẹsẹ̀ ìyá rẹ dá. Ẹyọ kan ni, èkejì kò ṣe nǹkan kan. A kò sọ fún ọ nítorí ìdánwò, ìyá rẹ ló ní bí mo bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà, òun á fi ẹsẹ̀ tó kù rìn wá sí Ìbàdàn wá gbà á lọ́wọ́ rẹ. Má bínú sí mi.

Bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. O mọ àká kékeré tó wà nínú ọgbà wa, níbi tí a ń kó ọkọ́ àti irúgbìn sí, tí ìyá rẹ ń to apẹ̀rẹ̀ ẹja gbígbẹ rẹ̀ sórí pẹpẹ. O sì mọ̀ pé ilẹ̀ ibí yìí kì í gbẹ. Òjò ọdún yìí wá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ọ̀rinrin gba abẹ́ pákó wọlé, olú hù lórí pẹpẹ, mo sè é, mo jẹ ẹ́, n kò kú. Ìyá rẹ sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé pákó ilẹ̀ àká ti ń rọ̀. Mo ní n ó wò ó. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù keje ó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja wọlé, pákó náà sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ mì dé orúnkún. Ìgbà náà ni mo tó wò ó.

A gbé e lọ sí Igbóbì. Ọlọ́run yóò bùkún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, wọ́n fi hàn mí, mo ní rárá o, èyí kì í ṣe Sabina, ìyàwó mi kò gbẹ tó báyìí. Nọ́ọ̀sì ní òun náà ni, pé inú lọ́hùn-ún ni wọ́n yà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n po ìyẹ̀fun funfun kan mọ́ omi, wọ́n fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò pẹ́ kò jìnnà ó ti le bí òkúta. Mo rí i pé ohun tí mò ń wá fún àká nìyí. Mo fi ọ̀wọ̀ bi nọ́ọ̀sì pé èló ni àpò kan. Ó ní kì í ṣe títà. Mo ní kó kúkú fún mi ní èyí tó ṣẹ́ kù sínú abọ́, pé àká wa kò tóbi. Ó wò mí títí, ó wá yíjú sí ìyá rẹ, ó ní kó má jẹ́ kí omi kan ẹsẹ̀ yẹn o, nítorí yóò rọ̀. Mo bá fi sílẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó ń bẹ̀rù omi, kí la fẹ́ fi ṣe ní Bàrígà?

Fọ́ọ̀mù tí mo ní kí o bá wa gbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìkọ́lé, tí n kò sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, dé ọwọ́ mi. Wọ́n béèrè pé ẹsẹ̀ mélòó ni ilẹ̀ náà. Mo bọ́ bàtà, mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó jẹ́ mẹ́rìnlá, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Wàhábì, káfíntà kan tí mo pè wá láti Ṣómólú, ní ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wí wà lára rúlà. Mo ní ẹsẹ̀ ta ni? Kò mọ̀. Mo ní n kò lè fi ẹsẹ̀ ẹni tí n kò mọ̀ wọn ilé mi. Ó fi rúlà wọ̀n ọ́n, kò pé méjìlá. Báyìí ni àká wa ṣe kéré sí i lọ́sàn-án gangan.

Mo wá rò ó pé bí ìwọ ṣe ń ṣe ìdánwò, kí àwọn pákó náà ṣe tiwọn. Mo bu omi ọ̀sà sínú ìkòkò, mo kó oríṣiríṣi pákó sí i fún ọjọ́ méje. Pákó pẹlẹbẹ dídán kan wà tí mo rà ní Fádèyí, ẹni tó tà á búra pé kò sí ohun tí ọ̀rinrin lè fi ṣe. Ó wú bí àkàrà lọ́jọ́ kejì, ó di ẹ̀kọ lọ́jọ́ kẹrin. Mo bù ú sínú abọ́, mo gbé e padà fún un. Ó ní òun kò sọ pé kí n rì í sómi. Ọparun gbìyànjú, ṣùgbọ́n kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ kó tó dé. Wàhábì ní bí a bá tẹ́ páànù, iyọ̀ ara ẹja yóò jẹ ẹ́, àti pé ilẹ̀ rírọ̀ yìí yóò la sìmẹ́ńtì kí ọdún tó yí, àfi ká kọ́kọ́ da òkúta sí i, òkúta náà sì wọ́n ju sìmẹ́ńtì lọ.

Bí ó ti ń sọ èyí, ó lọ jókòó sórí ọkọ̀ mi tí a dojú rẹ̀ dé sábẹ́ igi àgbọn. Ó fi ìka kàn án, kó, kó, kó. Ó ní ọdún mélòó ni igi yìí lò nínú omi? Mo ní méjìlélógún. Ó ní kò sì jẹrà? Mo ní kó dìde lórí ọkọ̀ mi.

O mọ ọkọ̀ náà, pákó ìrókò ni. Òun la fi kúrò ní etí òkun nílẹ̀ Ìlàjẹ, èmi àti ìyá rẹ, ìwọ sì wà nínú oyún, ọjọ́ mẹ́sàn-án lórí omi. Láti ìgbà tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì n kò pẹja mọ́, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni mò ń fi ọ̀dà kùn ún, bóyá.

Mo rò pé ìyá rẹ á bá mi jà pé kí n jẹ́ kí wọ́n gé e, nítorí apẹ̀rẹ̀ ẹja mẹ́fà ló ti bàjẹ́ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dá. Ó na ẹsẹ̀ funfun rẹ̀ lórí ẹní, ó ní, Bàbá Ìbídàpọ̀, ẹ fi ọkọ̀ yín sílẹ̀, ẹja mi á máa wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ká ní ó bá mi jà ni, ọkọ̀ náà ì bá ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì Wàhábì gbé ayùn dé. Ojú mi ṣomi díẹ̀, ìyẹ̀fun igi ló kó sí i. A to búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ kọjá, a tẹ́ pákó ọkọ̀ lé e. A gbé pẹpẹ jìnnà sí ògiri, Wàhábì ní ògiri ló ń fún pẹpẹ lómi mu. Ilẹ̀ náà tẹ̀ díẹ̀ láàárín, ẹni tó bá wọlé á máa lọ sí àárín fúnra rẹ̀. Òjò mẹ́rin ti rọ̀ lé e. Gbígbẹ ni.

Kí n má gbàgbé, ó ku ìṣó, ọ̀dà, àti owó iṣẹ́ Wàhábì. Bá mi fi nǹkan ránṣẹ́. Ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú lẹ́tà rẹ lọ́jọ́ Àjíǹde, mo kà á, mo sì tọ́jú rẹ̀ sínú Bíbélì, Wàhábì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé owó ni, pé ilé ìfìwéránṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbà á. Kọ ọ́ sára èyí tó ń bọ̀ pé owó ni.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò gé nǹkan funfun yẹn kúrò lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ. Lánàá ló ní ká gbé òun lọ wo àká. Èmi di apá kan mú, Wàhábì di èkejì. Ó jókòó sáàárín ilẹ̀ náà, ó na ọwọ́ sí ọ̀tún àti òsì bí ẹni tó wà lójú omi. Ó wá bi mí pé níbo là ń lọ. Mo lọ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, níbi tí atukọ̀ ń jókòó sí.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní iṣẹ́ tí owó rẹ̀ yóò tó ọ jẹ, tí yóò sì ṣẹ́ kù. Ibi tí o bá dojú kọ, èbúté ni yóò jẹ́ fún ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adéjìmí Ikúmápàyí.