Aṣọ Tí Kò Jẹ́ Kí Mercy Rì

Ògbómọ̀ṣọ́,
Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹta, 1988.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Bàbá Mercy,

Mo kí yín, mo kí Màmá Mercy, mo sì kí gbogbo ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú ìlera. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Mercy kò sí nílé mi láti òwúrọ̀ òní. Àpótí rẹ̀ wà níbi tó máa ń wà. Aṣọ funfun tuntun tí a rán fún ìtẹ̀bọmi rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì ni a kò rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìyókù.

Ẹ mọ̀ pé Onítẹ̀bọmi ni àwọn ará ilé Akínpẹ̀lú, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, àti pé wọ́n ní àdúrà tí ìjọ Aládùúrà yín gbà fún un kò tó. Àfi kó wọnú omi kí ìgbéyàwó tó wáyé. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ó bá àwọn yòókù wọ adágún. Pásítọ̀ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Orí rẹ̀ wọnú omi, ara kò tẹ̀ lé e. Aṣọ rẹ̀ wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì yọ, ó sì léfòó. Pásítọ̀ tún tẹ̀ ẹ́. Omi tún gbé e jáde. Àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan tilẹ̀ ní, "Pásítọ̀, ẹ gbé ọlọ lé e láyà!" Ìgbà náà ni ìyá Akínpẹ̀lú ká ọwọ́ lérí, ó ké pé, "Omi kọ̀ ọ́! Ẹ ò rí i ni? Ẹlẹ́yẹ kì í rì!" Ẹ̀rín dá wáí.

Ìpínrọ̀ yìí, ẹ má kà á sí Màmá Mercy létí. Àwọn ni wọ́n kọ̀wé pé àwọn kò fẹ́ kí aṣọ funfun tó tutù lẹ̀ mọ́ ọmọ àwọn lára lójú èrò. Hajarat, télọ̀ wa ní Sábó, ṣe gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wí: ó fi aṣọ òjò ṣe inú rẹ̀, ó fi rọ́bà fún ọrùn, ọwọ́ àti etí ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni kò rọ́nà jáde.

Lọ́jọ́ Ajé, mo pe pásítọ̀, Akínpẹ̀lú àti ìyá rẹ̀ wá sílé. Mo kó òkúta sínú aṣọ náà, mo dì í lọ́rùn, lápá àti nísàlẹ̀, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀mù omi. Ó léfòó, tòun tòkúta. Mo tú ìdì ọrùn rẹ̀, mo gé rọ́bà ibẹ̀. Afẹ́fẹ́ hó jáde, aṣọ sì lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Mo ṣàlàyé pé ohunkóhun tí kò bá wúwo tó omi tí ó tì kúrò láyè rẹ̀, omi á gbé e. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ fi ń rì tí ọkọ̀ ojú omi onírin kì í rì. Pásítọ̀ gbà, ó ní òun á tún un ṣe lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, pẹ̀lú aṣọ tí kò ní rọ́bà. Ìyá Akínpẹ̀lú dìde. "Òkúta lẹ fi sínú aṣọ, ẹ ò fi Mercy sí i."

Ohun tó já mi láyà jù ni Akínpẹ̀lú. Ẹ̀kọ́ yìí gan-an ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì. Mo ní, "Akínpẹ̀lú, sọ̀rọ̀." Ó ń wo bàtà rẹ̀. "Òótọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n ìyá kan ṣoṣo ni mo ní." Lánàá ló ránṣẹ́ pé òun kò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́.

Mercy kò sunkún. Nígbà tí ó ń ká aṣọ tuntun náà lálẹ́ àná, ó bi mí pé, "Bọ̀dá, bí mo bá rì, ṣé wọ́n á gbà?" Mo ní wọ́n á gbà. Ọjọ́ Ìsinmi ni mo rò pé ó ń sọ.

Pásítọ̀ àti àwọn ọ̀dọ́ wà létí adágún láti àárọ̀. Wọn kò rí nǹkan kan. Àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ló kọ́kọ́ wọnú omi.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a fojú sunkún ọmọ. Kó fi ọkàn yín balẹ̀ kí ó tó fi tèmi balẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ohùn Mercy máa dún nílé wa.

Èmi ni àbúrò yín tòótọ́,
Philip.

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ fi lẹ́tà yìí rán Mùílì awakọ̀ ló sọ pé agbèrò kan ní gáréèjì rí ọ̀dọ́bìnrin kan tó wọ ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ní kùtùkùtù òní. Àpò ọ̀rá ló gbé dání, aṣọ funfun sì yọ létí rẹ̀. Agbèrò náà kò mọ orúkọ rẹ̀, kò sì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Bó bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí Mùílì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú gáréèjì ni yóò ti bá mi.