Orin Salimat Lórí Àtẹ̀gùn

Màmá mi,

Ẹ kú ọjà Aswani o. Ara mi le, mi ò rù rárá. Iná ò tíì dé sí ilé tí yunifásítì fún wa, omi náà ò sì gòkè, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára. Ẹ má dààmú.

Ẹ rántí Salimat ọ̀rẹ́ mi, tó ru omi tó yọ̀ ṣubú kú lórí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn. Ìyá rẹ̀ ní kí àwa mẹ́ta tá a jọ ń gbé yàrá kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ránṣẹ́ fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Ẹkún ò jẹ́ kí n lè kọ nǹkan kan, ni mo bá ní kí AI orí fóònù bá mi kọ ọ́. Mi ò mọ̀ pé ohun táwọn tó kù ṣe náà nìyẹn. Ìyá rẹ̀ pè wá. Ó ní, "'Ìmọ́lẹ̀ yàrá wa' lẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ. Ṣé kò sẹ́ni tó mọ ọmọ mi nínú yín ni?"

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ṣíwọ́, ẹ yà kí ìyá rẹ̀ fún mi nílé wọn ní Ailegun. Ẹ sọ fún un pé Salimat máa ń kọrin tó bá ń pọnmi gòkè, kí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lè yà fún un. Ohùn rẹ̀ ò dáa, ṣùgbọ́n kì í dákẹ́.

Ẹ bá mi kí Teslim àbúrò mi. Kó má bínú pé mi ò gbé ìpè rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìgbà yẹn la máa ń pọnmi, mo sì ṣì máa ń fara ti ògiri kí Salimat lè kọjá.

Lateefah yín.