Oògùn Màmá Tí A Fi San Owó Ilẹ̀

Èmi ni mo mọ ohun tó ṣe ìyá ọkọ mi. Kì í ṣe obìnrin tí gbogbo ẹbí ń nàka sí yẹn. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti panu mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí... Admin, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, ẹ dákun, torí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀ lórí pèèjì yìí, ẹni tó bá mọ̀ wá á sì tètè dá ọ̀rọ̀ yìí mọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi, mo tọ́ sí i. Àmọ́ kí ẹ tó bú mi, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí mo máa ṣe, torí ọjọ́ ti lọ.

Lọ́kọ́ja la wà, ní apá Felele. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní school aládàáni kan, ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ọmọ Ìyàgbà ni mí, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni òun, òkè Agbaja ni àwọn èèyàn wọn wà. Ọmọ méjì la bí. Láti ìgbà tí bàbá ọkọ mi ti kú ni Màmá ti ń gbé lọ́dọ̀ wa, ẹ má sì rò pé irú ìyá ọkọ tí ẹ máa ń kà nípa wọn lórí pèèjì yìí ni o... obìnrin yẹn fẹ́ràn mi ju bí ìyá tó bí mi ṣe fẹ́ràn mi lọ. Tí mo bá ti school dé, "Ọ̀kún o, ìyàwó" ni wọ́n á kọ́kọ́ sọ, wọ́n á ti pọn omi sílẹ̀, wọ́n á ti wẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ara wọn le koko. BP nìkan ló ń yọ wọ́n lẹ́nu, wọ́n sì ti ń lo oògùn ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, kò sí wàhálà.

Nígbà tí gbogbo nǹkan wá gbówó lórí, tí landlord wa fi owó lé owó ilé, tó tún fi lé e, mo sọ fún ọkọ mi pé a ò lè máa bá a lọ báyìí. Mo ti ń wo àwọn obìnrin kan lórí fóònù tó ń kọ́ni bí èèyàn ṣe ń ṣọ́wó ná, mo ní àwa náà á ṣe é. Kọ́bọ̀ tó bá jáde nínú ilé yìí, a gbọ́dọ̀ mọ ibi tó gbà lọ. Mò ń tẹ gbogbo ẹ̀ sínú fóònù mi... ata, owó kẹ̀kẹ́, omi inú ọ̀rá, data, ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá. Lọ́jọ́ Sunday, tí a bá jẹun ọ̀sán tán, màá pe gbogbo ilé sí pálọ̀, màá ka ohun tí a ná lọ́sẹ̀ yẹn sókè, àá sì jọ wo èyí tí a lè gé kúrò. Ó sì ṣiṣẹ́ o! Ẹ ò ní gbà gbọ́. A gé cable. Mo pa gáàsì tì, mo padà sórí èédú. Dípò kí n máa ra nǹkan díẹ̀díẹ̀ nítòsí ilé, Old Market ni mò ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èmi àti Àlájà kan tó jẹ́ ará Ìlọrin, tó ní ìsọ̀ níbẹ̀, a jọ ń pín àpò gààrí. A ò ra bread mọ́, àkàrà tí Màmá bá dín là ń fi mu ẹ̀kọ. Kò pẹ́, owó bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sí báńkì. Mò ń yangàn. Mò ń kọ́ àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi bí wọ́n á ṣe ṣe tiwọn. A rí ààbọ̀ pílọ́ọ̀tì kan lójú ọ̀nà Abuja, onílẹ̀ gbà kí a máa san án díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ó ní bí a bá fi pẹ́ jù, ẹlòmíì ló máa rà á.

Gbogbo Sunday tí mo bá ń ka nǹkan wọ̀nyẹn, Màmá á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, wọ́n á máa bó ẹ̀gúsí, wọn kì í dá sí i. Oògùn wọn máa ń wà lára ohun tí mò ń kà. Màá ní "oògùn Màmá," màá pe iye ẹ̀, màá kọjá. Ọlọ́run mọ ọkàn mi, mi ò fi bú wọn. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ bí oògùn ṣe di báyìí, gbogbo ìgbà tí mo bá débẹ̀ ni owó ẹ̀ ti lé sí i. Lọ́jọ́ Sunday kan, mo kà á tán, mo mí kanlẹ̀, mo ní, "Ká má tan ara wa, oògùn Màmá ló ń gbówó lọ jù nínú ilé yìí." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Màmá ò gbójú sókè. Mo bọ́ sórí owó kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, Màmá ní kí n máa kó owó oògùn náà fún àwọn, pé àwọn á máa rìn lọ rà á fúnra àwọn ní kẹ́mísìtì tó wà ní junction, ó kúkú ń na ẹsẹ̀ àwọn. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ó dín ìrìn mi kù. Nígbà tó ṣe díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú owó wá fún mi. Wọ́n ní owó ẹ̀gúsí tí àwọn ń bó fún obìnrin kan ní àdúgbò ni, kí n fi kún owó ilẹ̀, kí n má jẹ́ kí ọmọ àwọn gbọ́, kó má lọ máa rò pé òun ń fi ìyá òun ṣiṣẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo gba owó náà. Oṣù kejì, mo tún gbà á. Oṣù tó tẹ̀ lé e ńkọ́... mo gbà á. Ṣé ẹ ti ń rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ? Èmi ò rí i. Èmi tí mo mọ ibi tí owó ata gbà lọ, mi ò béèrè ibi tí owó yẹn ti wá!

Àárọ̀ Tuesday kan, mò ń múra school, mo gbọ́ tí nǹkan ṣubú gbì ní balùwẹ̀. Mo sáré dé ibẹ̀. Màmá wà nílẹ̀, ẹnu wọn ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọwọ́ ọ̀tún ò gbéra. Ọkọ mi àti aládùúgbò wa kan gbé wọn sínú kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí n kó aṣọ wọn tẹ̀lé àwọn. Ibi tí mo ti ń kó aṣọ ni mo ti fa ìró kan yọ, wọ́n ta etí ẹ̀ ní kókó, nǹkan wà nínú ẹ̀. Mo tú u. Oògùn BP ni. Wọ́n ti fi abẹ gé e sí méjìméjì, wọ́n tún gé àwọn míì kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n wá rọra wé e sínú ọ̀rá bí ẹni wé wúrà. Bí mo ṣe ń lọ sí hospital, mo yà ní kẹ́mísìtì yẹn, mo bi ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀. Ọmọ Igala ni, Pidgin la jọ máa ń sọ. Ó ní, "Mama? Na only one card she dey buy since. She say doctor don reduce am for her." Káàdì oògùn kan ṣoṣo lóṣù! Owó àwọn káàdì yòókù ni mò ń kúnlẹ̀ gbà...

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù níbẹ̀ fún yín. Nígbà tí mo dé hospital, dókítà ń bi ọkọ mi bóyá Màmá ń lo oògùn wọn déédéé. Ọkọ mi ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní, "Dókítà, lójoojúmọ́ ni. Ìyàwó mi kì í fi oògùn ìyá mi ṣeré." Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àbí?" Àwọn méjèèjì ń wò mí. Oògùn tí wọ́n gé wà nínú báàgì mi níbi tí mo dúró sí. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Dókítà mirí, ó ní a jẹ́ pé oògùn ti tẹ́lẹ̀ ò ká a mọ́ nìyẹn. Ó kọ èyí tó le jù ú lọ, ó tún fi òmíì kún un. Láti ìgbà tí Màmá ti délé, èmi ni mò ń fún wọn ní gbogbo ẹ̀, mi ò jẹ́ kí wọ́n dín in kù rárá. Àmọ́ tí wọ́n bá ti lò ó tán, tí wọ́n bá fẹ́ dìde, òòyì á kọ́ wọn, wọ́n á di ògiri mú. Ní òwúrọ̀ yìí, díẹ̀ ló kù kí wọ́n tún ṣubú. Ṣé oògùn yẹn ti wá pọ̀ jù fún wọn ni? Ṣé orí irọ́ mi ni dókítà ti kọ oògùn náà? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó lè rí bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ahọ́n Màmá tú díẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo fi oògùn tí mo rí hàn wọ́n. Ẹkún ni wọ́n kọ́kọ́ sun. Wọ́n wá ní, "Ìyàwó mi, èmi ti jayé tèmi. Ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀." Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ fún ọmọ àwọn láéláé, pé tó bá gbọ́, kò ní lè wo ojú mi mọ́, kò sì ní dárí ji ara ẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú ọwọ́ kan tó ṣì lágbára, wọn ò fi í sílẹ̀ àfìgbà tí mo búra. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe búra o.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá gbé e mì. Àmọ́ ọkọ mi ò gbà pé àìsàn lásán ni. Ó ní báwo ni ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀ lójoojúmọ́ ṣe máa dédé rọ lápá? "Bẹ́ẹ̀ ni" tí mo sọ yẹn ló fi ń ro gbogbo ẹ̀! Ó wá rántí pé ìyálé mi tó wà ní Agbaja, ìyàwó tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ti kú fi sílẹ̀, fi èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ ránṣẹ́ sí Màmá lọ́sẹ̀ tí wọ́n ṣubú. Mo ní gbogbo wa la jẹ níbẹ̀, àwọn ọmọ náà jẹ ẹ́. Ó ní ẹni tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é ló máa ń mú. Ó lọ bá wòlíì kan. Wòlíì ní obìnrin tó ń fún Màmá lóúnjẹ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, nígbà tó délé tó ń sọ ọ́ fún mi, mò ń ro oúnjẹ Màmá lọ́wọ́, omorogùn dúró sí mi lọ́wọ́. Ta ló ń fún Màmá lóúnjẹ? Ṣèbí èmi ni? Àmọ́ ọkọ mi ò tilẹ̀ wò mí. Ọ̀nà Agbaja ló ń nàka sí.

Àbúrò ọkọ mi, ọkùnrin onínúfùfù kan báyìí, ti tàn án kálẹ̀ lókè lọ́hùn-ún. Wọn ò dá obìnrin yẹn lóhùn mọ́ tó bá kí wọn. Wọ́n da ẹ̀gẹ́ tó sá sórí àpáta nù. Ó pè mí níjelòó, ó ń sunkún. Ó ní, "Àbúrò mi, ìwọ lo wà pẹ̀lú Màmá. Bá mi bi wọ́n, kí ni mo ṣe fún wọn?" Mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa, mo pa fóònù. Ní Saturday yìí, ọkọ mi àti àbúrò ẹ̀ ń gòkè lọ bá a. Wọ́n ní ó máa mu omi kan tí wòlíì gbé fún wọn níwájú gbogbo ẹbí, tó bá kọ̀, kó kó ẹrù ẹ̀ jáde nínú ilé tòun tàwọn ọmọ ẹ̀. Mo ti rí omi náà. Ìgò ẹ̀ wà lórí fíríìjì wa. Àwọ̀ ẹ̀ ò jọ omi, ó sì ń rùn. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀... ta ló mọ̀ ọ́n?

Lánàá, mò ń di irun fún ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ orí ẹ̀, ó pariwo. Mo wo etí ẹ̀, ọyún wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn ún. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Mummy, ẹ má bínú, mi ò fẹ́ kí ẹ ka tèmi ní Sunday." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo gbé e lọ gba ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí mi. Kí ni mo ti sọ àwọn ará ilé mi dà? Kí ló tún kù tí wọ́n ń fi pamọ́ fún mi?

Ilẹ̀ yẹn, a ti san án tán. Ìwé ẹ̀ ti wà lọ́wọ́ wa, ọkọ mi ní ká jọ lọ wò ó, mo ní orí ń fọ́ mi.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Tí mo bá sọ òtítọ́, mo mọ ọkọ mi, ó máa dá mi padà sílé bàbá mi, kò sì ní jẹ́ kí n kó àwọn ọmọ mi lọ. Tí mi ò bá sọ ọ́, obìnrin tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ máa mu nǹkan tí mi ò mọ̀, Màmá náà á sì máa lo oògùn tí wọ́n fi irọ́ mi kọ fún wọn. Ìbúra tí mo ṣe fún Màmá ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run á bi mí, àbí kò ní bi mí? Ọ̀la ni Friday. Ọkọ mi ti ra epo sínú ọ̀kadà, àbúrò ẹ̀ ti dé, àwọn méjèèjì wà ní pálọ̀ bí mo ṣe ń tẹ èyí ní kíṣìnì, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ ìyálé mi. Dókítà ni, ìyálé mi ni, àbí ọkọ mi... ta ni kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún?