Bí Kọnkéré Náà Bá Lanu Ńkọ́?

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà wa. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, lórí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ wa ní Taradale, ní Calgary níbí, mo ń kí yín. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún kò dà yín láàmú mọ́ báyìí? Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà, ẹ bá mi kí Àǹtí Rónkẹ́ àti àwọn ọmọ wọn, kí ẹ sì sọ fún Táyọ̀ àbúrò mi pé mo rí gbogbo ohun tó kọ sórí WhatsApp, mò ń bọ̀ wá dá a lóhùn. Délé ọkọ mi ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ìfẹ́olúwa ọmọ ọmọ yín ní "Hi, Grandma." Mo ní kó kúnlẹ̀ kí yín dáadáa. Ó kúnlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n "Hi, Grandma" náà ló tún sọ.

Màámi, inú mi ń dùn gan-an bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Mo ní kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni ẹ̀rù ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ń bà.

Ẹ rántí ọjọ́ Sunday tí ẹ pè mí, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kí n kí yín tán. Ẹ ní Táyọ̀ ti sọ fún yín pé ilé iṣẹ́ mi fẹ́ rán mi lọ síbi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí iná átọ́míìkì sí. Ẹ ní ṣé iṣẹ́ ti tán ní Canada ni? Ẹ ní kí n má gba iṣẹ́ náà, kí n rántí odò wa.

Mo rántí, Màámi. Mo ṣì kéré nígbà tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bátìrì wá sí ẹ̀bá ìlú wa, ṣùgbọ́n mo rántí ọkùnrin wọn tó wọ kóòtù wá sí gbọ̀ngàn ìlú, tó ní omi tí àwọn ń dà sódò kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Mo rántí bí ẹja ṣe léfòó, tí inú wọn funfun kọjú sókè. Mo rántí pé ẹ̀yin, tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ ẹja yíyan, ẹ fi ọwọ́ ara yín wó ààrò yín lulẹ̀, nítorí ẹ kò fẹ́ ta májèlé fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bi mí pé bí ohun tí wọ́n fi pa ìdọ̀tí náà mọ́ bá lanu ńkọ́, mi ò bá yín jiyàn. Mo kàn ní màá lọ fi ojú ara mi wò ó, màá sì sọ òótọ́ fún yín.

Ẹ mọ bí iṣẹ́ ṣe rí fún mi níbí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ epo tó gbà mí ní downtown dín òṣìṣẹ́ kù, mo lọ ń to aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Sunridge, èmi tí mo kẹ́kọ̀ọ́ ẹnjiníà. Òtútù ọdún yẹn kì í ṣe ti ara nìkan. Délé á ti lọ síbi iṣẹ́, Ìfẹ́olúwa á wà ní daycare, èmi á wá máa bá ògiri sọ̀rọ̀ nínú basement, yàrá abẹ́ ilé tí a ń gbé nígbà náà. Owó ilé kì í sì í dúró de ẹni tó ń ronú. Inú bẹ́ẹ̀ ni mo wà tí ilé iṣẹ́ kékeré kan fi pè mí. Àwọn tó ń yẹ kọnkéré wò ni wọ́n, bí dókítà ṣe ń yẹ aláìsàn wò. Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Linda, kò bi mí bóyá mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Canada. Ó gbé àfọ́kù kọnkéré kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sọ ohun tó pa á. Mo ní omi ni. Ó ní kí n bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Monday.

Linda yìí ló mú mi lọ. A wọ bàálù láti Calgary lọ sí apá ìlà-oòrùn, létí òkun, nítorí Alberta tiwa kò ní irú ilé iṣẹ́ iná bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe dé ẹnu géètì, wọ́n fi ohun kékeré kan há mi láyà, tí yóò máa ka ìtànṣán tó bá kàn mí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní purọ́.

Màámi, mo ti rò pé màá bá nǹkan tó ń hó, tó ń rú èéfín. Àwọn òpó kọnkéré ràbàtà-ràbàtà ni mo bá, tí wọ́n dúró lọ́wọ̀ọ̀wọ́ nínú snow bí àká àgbàdo. Kò sí ariwo, kò sí òórùn. Ọkùnrin tó ń bójú tó ibẹ̀, Gary lorúkọ rẹ̀, ló là á yé mi. Ó ní epo ni àwọn ń pe ìdọ̀tí tó wà nínú wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe epo tó ń ṣàn. Ó dà bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n kì sínú ọ̀pá irin. Tó bá ti bá wọn ṣe iná mànàmáná tán, ó ṣì gbóná, ìtànṣán ara rẹ̀ sì lè pa ènìyàn. Nítorí náà, inú omi jíjìn ni wọ́n kọ́kọ́ ń rì í sí fún ọdún mélòó kan títí ara rẹ̀ yóò fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ gbẹrẹfu, wọ́n á kó o sínú agolo irin, wọ́n á jó ìdérí rẹ̀ pa, wọ́n á wá gbé e sínú kọnkéré tó nípọn tó gígùn apá mi. Kọnkéré ló ń dá ìtànṣán dúró, afẹ́fẹ́ ìta ló sì ń gba ooru tó kù lọ. Mo béèrè bóyá mo lè bọ́ ìbọ̀wọ́ mi. Ó ní kò burú. Mo gbé ọwọ́ mi lé e. Òtútù rẹ̀ kò tó ti ògiri ọ́fíìsì wọn.

Mo wá bi í ní ìbéèrè yín. Mo ní ìyá mi ní Nigeria ló ní kí n béèrè, bó bá lanu ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ó ní ohun tó wà nínú rẹ̀ gbẹ, kò ní omi tí yóò ṣàn wọlẹ̀. Ó ní agolo irin wà nínú kọnkéré, ọ̀pá wà nínú agolo, wọ́n sì ń bu omi abẹ́ ilẹ̀ àti omi òkun àyíká náà yẹ̀ wò déédéé.

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ oníkóòtù ọjọ́sí náà wọ ìlú létí. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Mò ń yí àwọn òpó náà po lọ́kọ̀ọ̀kan, mò ń fi òòlù kékeré kàn wọ́n, mò ń tẹ́tí sí ohùn wọn. Bí mo ṣe dé ìdí ọ̀kan ní ìlà tó kẹ́yìn, mo rí ìlà tín-ín-rín kan tó gùn sókè bí irun, tí ohun funfun bí ẹfun sì ń tú jáde lára rẹ̀.

Kọnkéré náà lanu.

Mo pe Gary. Ó ní àwọn mọ̀ nípa rẹ̀, yìnyín ló fà á, kò sí kọnkéré tó wà níta ní orílẹ̀-èdè yìí tí kì í nírú rẹ̀. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun funfun yìí ńkọ́? Kì í jáde láìjẹ́ pé omi ń wọlé. Àwọn àgbà wa ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Mo fẹ́ mọ ibi tí aláǹgbá yìí rìn dé. Gary wo Linda. Mo rò pé ó ń retí kí Linda ní ká máa lọ, nítorí òtútù ọjọ́ náà ń gé etí ẹni. Èmi náà ń rò ó pé wọ́n lè ní ẹni tuntun yìí ti fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Linda bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi ìka tọ ìlà náà láti ìdí dókè, ó ní kí gbogbo iṣẹ́ yòókù dúró títí a ó fi mọ̀.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán sí ẹnu ibẹ̀ gan-an. Ohun tó kà níbẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tó kà lára àwọn òpó yòókù. Lẹ́yìn náà, a fi ẹ̀rọ tó ń rán ohùn wọ inú kọnkéré wádìí bó ṣe jìn tó. Awọ ara lásán ni, Màámi! Kò jìn tó ìka ọwọ́ kan. Irin inú lọ́hùn-ún kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibo ni omi náà ti wá? Mo na gbalaja sórí snow, mo fi ojú wọ́lẹ̀, mo sì rí i: ilẹ̀ kọnkéré tí òpó náà dúró lé ti rì díẹ̀ ní igun yẹn. Tí snow bá yọ́, ibẹ̀ ni omi ń dá rogún sí, tó bá tún dì, á fa kọnkéré ya. Mo ké pe Gary. Ó wá dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó wo ibi tí mo nawọ́ sí, ó ní òun mà ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Inú mi dùn débi pé nígbà tí mo dìde, mo jó díẹ̀ nínú bàtà onírin wọn.

Kò tán síbẹ̀ o. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pe ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó wà létí òkun náà. Obìnrin àgbàlagbà kan dìde, ó ní ẹja ni ọkọ òun àti àwọn ọmọ òun ń pa. Ó ní ohun kan péré ni òun fẹ́ mọ̀: bí kọnkéré yẹn bá sán ńkọ́? Màámi, omi bọ́ lójú mi. Linda yíjú sí mi, ó ní kí n dáhùn.

Ǹ bá kàn sọ pé kò lè sán. Mo dìde, mo ní, Mà, ó ti sán. Àná ni mo rí i. Gary sorí kọ́. Mo wá ṣàlàyé ohun tí a rí, bó ṣe jìn tó, ohun tó fà á, àti ohun tí a fẹ́ ṣe sí i. Mo ní ibi tí wọ́n pa á mọ́ sí yìí dára, yóò sì dáàbò bo omi wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí a bá ń ṣọ́ ọ. Mo ní ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé ìkẹyìn rẹ̀, nítorí oró rẹ̀ yóò pẹ́ ju èmi àti ọmọ ọmọ mi lọ, ó sì di dandan kí ìjọba parí ètò ibi tí wọ́n máa sin ín sí nísàlẹ̀ àpáta. Obìnrin náà gbọ́ mi tán, ó wá bi wá pé kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò fi sọ fún àwọn látìgbà tí wọ́n ti mọ̀ nípa ìlà yẹn. Gary ló dìde. Ó ní àwọn kò fẹ́ dẹ́rù bà wọ́n ni. Obìnrin náà ní ohun tí wọ́n bá fi pa mọ́ fún àwọn gan-an ló ń ba àwọn lẹ́rù.

Kí ìpàdé tó tú, wọ́n ti fẹnu kò pé lọ́dọọdún, tí a bá ń ṣe àyẹ̀wò, àwọn ará abúlé yóò yan àwọn tí yóò bá wa wọlé, kí wọ́n fi ojú ara wọn rí èyí tó lanu àti èyí tí kò lanu. Obìnrin náà ló kọ́kọ́ nawọ́. Wọ́n sì ti tún ilẹ̀ náà ṣe báyìí, kí snow tó yọ́.

Màámi, Linda ti fi àyẹ̀wò ọdọọdún yẹn sí ìkáwọ́ mi. Mo sì ti gbà á. Mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má gbà á, ṣùgbọ́n mo rò ó títí, mo rí i pé irú ibẹ̀ yẹn nílò ẹni tó ti fi ojú rí odò tó kú. Ohun tí wọ́n fi há mi láyà, wọ́n kà á kí n tó jáde. Kò sí ohun kankan níbẹ̀ tí ẹ ó torí rẹ̀ gbààwẹ̀. Àdúrà yín ni mo ń fẹ́, kí ojú mi má ṣe fo ohun tó yẹ kí n rí.

Afẹ́fẹ́ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ń fẹ́ ní Calgary lónìí, snow orí òrùlé ń kán tó-tó-tó. Ìfẹ́olúwa ti dé akoto iṣẹ́ mi, ó mú ṣíbí ọbẹ̀, ó ti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí basement, ó ń kan ògiri kiri. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà ibẹ̀ lọ́wọ́ wa béèrè ohun tó ń wá. Mo gbọ́ tó ní "I'm inspecting." Ó sì ti ń pariwo pè mí báyìí pé òun rí ibi kan tó lanu lẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, kí n máa bọ̀ kíákíá.

Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó. Kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn àti orúnkún tó lágbára jíǹkí yín, kí ó jẹ́ kí ẹ fi ojú yín rí wa níbí láyọ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, tọmọdé tàgbà, ẹ kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi.

Èmi ni ọmọ yín tó ń gbọ́ ohùn kọnkéré,
Fọlákẹ́