Omi Inú Amọ̀ Kòtò Wúrà

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí sí yín, ẹ má bínú. Bọ̀ọ̀dá Àjàyí wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, níbí ní Iléṣà. Kòtò wúrà ló wó lù wọ́n ní Ìtagunmodi, bó ṣe wó lù yín. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kán, àmọ́ wọn ò kú.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, mo rò pé oko kòkó ni wọ́n máa gbájú mọ́. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n mú ọkọ́ yín, wọ́n gba kòtò lọ. Mo bẹ̀ wọ́n. Mopélọ́lá ìyàwó wọn bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní wúrà tó pa bàbá àwọn kò gbọdọ̀ wà nílẹ̀ kó má ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní. Ṣé ohun tí ẹ̀yin náà ì bá sọ nìyẹn? Ó jọ ọ̀rọ̀ ẹnu yín.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ ara kòtò kí ẹ tó sọ̀kalẹ̀. Bí omi bá ṣẹ́yọ, ẹ ó padà sílé. Omi yẹn ni mo lọ bá jà.

Nígbà tí mo wà nílé ìwé ní Ìbàdàn, olùkọ́ wa kan ki amọ̀ tútù sínú ìgò gígùn, ó fi wáyà kàn án lápá méjèèjì, ó so wáyà mọ́ bátìrì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn gba inú amọ̀ láìsí ẹni tó tì í. Bàbá, ihò inú amọ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i. Iyọ̀ tó yọ́ sínú omi ti pín sí wẹ́wẹ́ tí iná wà lára wọn. Áyọ́ọ̀nù là ń pè wọ́n. Irú kan lára wọn máa ń ṣùrù mọ́ ògiri ihò náà. Bí bátìrì bá fà wọ́n, wọ́n á gbéra lọ sápá kan, wọ́n á sì wọ́ omi dání. Ẹ rántí ọ̀nà tóóró tó wọ gáréèjì Òṣogbo: bí èrò bá ń sáré lọ bá lọ́rì, ẹni tí kò tilẹ̀ rìnrìn àjò á bá wọn dé ẹnu mọ́tò. Nínú odò gbalasa, agbára wọn kò ká omi. Inú ihò tóóró ni wọ́n ti lè gbé e.

Mo rò pé mo ti rí oògùn kòtò. Mo lọ bá Ràṣídì, tó ń tún lọ́rì ṣe ní Òṣogbo, pé kó yá mi ní bátìrì. Iṣẹ́ olùkọ́ mi ló fi ń pè mí ní Tíṣà.

“Tíṣà, ṣé amọ̀ lẹ fẹ́ fún níná?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn,” ló wí, ó sì bá mi gbé wọn sínú ọkọ̀.

A ri ọ̀pá irin mọ́ ilẹ̀ lẹ́bàá kòtò, a ri páìpù tó ní ihò lára sí òdìkejì, mo fi wáyà so méjèèjì mọ́ bátìrì. Lọ́jọ́ kejì omi ti wà nínú páìpù. Mopélọ́lá rẹ́rìn-ín. Amọ̀ tó yí ọ̀pá ká gbẹ, ó sán, ó le. Ṣùgbọ́n kò ju ìbú ọwọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ìpẹtà jẹ ọ̀pá, bátìrì kú, òjò sì rọ̀. Gbogbo ohun tí mo fà jáde, òjò dá a padà, ó fi èlé lé e.

Mo fẹ́ lọ wá bátìrì míì. Mo ní, “Ẹ má wọ̀ ọ́, Bọ̀ọ̀dá. Ìdí ọ̀pá nìkan ló gbẹ.”

Wọ́n fi ẹ̀ṣẹ́ lu ibi tó gbẹ náà. “Ṣebí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ nìyí? Kò yàtọ̀ sí òkúta.”

Kí n tó padà dé, wọ́n ti wọ̀ ọ́. Ibi tí ọ̀pá wà dúró. Apá kejì ló ya lulẹ̀, ó bò wọ́n dé àyà. Ọwọ́ lásán làwọn ará àdúgbò fi wú wọn jáde. Àwọn kan ń sọ pé iná mi ló bí ilẹ̀ nínú. Ta ni kí n bínú sí? Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ wọn níṣẹ́ náà? Òjò? Àbí Bọ̀ọ̀dá, tí wọ́n gbà mí gbọ́ níbi tí mi ò ti ní kí wọ́n gbà mí gbọ́?

Lánàá mo gbé ẹ̀kọ lọ fún wọn ní ọsibítù. Mi ò tíì jókòó tí wọ́n fi ní, “Bátìrì mélòó ló máa gbẹ gbogbo kòtò yẹn?”

Mo jáde lọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sunkún ìbínú títí Mopélọ́lá fi wá mú mi wọlé.

Mo ti ṣírò rẹ̀, Bàbá. Gbogbo bátìrì tó wà ní Òṣogbo kò ní tó. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ fún wọn, wọn ò ní dúró mọ́; ẹsẹ̀ yẹn kò ní í jinná tán kí wọ́n tó padà wọ kòtò. Mo ní mo ṣì ń wá iye bátìrì náà. Wọ́n ní àwọn á dúró dè mí.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tí àárò yín kò jẹ́ kó gbádùn.