Irin Tí Shani Fi Kọ́ Ọrùn

                                        Ilé Yidana,
                                        Kukuo-Naayili,
                                        Lọ́nà Yendi,
                                        Gánà.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹsàn-án, 2008.

Dawuni, ọ̀rẹ́ mi àtọjọ́mọ́jọ́,

O kú ààwẹ̀ o. Ìyàwó rẹ ń kọ́? Àwọn ọmọ ń kọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ṣé òjò Kumasi ń jẹ́ kí ẹ rí ọ̀nà jáde? Ní ti oko, a dúpẹ́ níhìn-ín. Iṣu ta dáadáa, àgbàdo sì ti gbó. Ní ti ilé ni kò dára. Bóyá o ti gbọ́ pé ìyá wa Napaga, àbúrò bàbá mi tó bí Shani awakọ̀, ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí pé mo wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

O mọ ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Shani. Òun nìkan ni ọkọ̀ tó wà ní abúlé wa. Láti ìgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti gbé tẹlifíṣọ̀n sí abẹ́ igi dóńgóyárò, bátìrì ọkọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń wo bọ́ọ̀lù. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Shani á yọ ọ́. Bó bá di àárọ̀, á dá a padà. Irin tó ń de bátìrì mọ́lẹ̀ kò ṣeé tú láìsí sípánà, ìyẹn sì sú Shani, ló bá sọ irin náà nù. Ó wá ń fi rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù táyà so bátìrì. Ọwọ́ lásán ló fi ń tẹ wáyà mọ́ ọn lórí, kò sì fi nǹkan kan bo orí náà.

Mo bá a sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò bàbá mi obìnrin ni, o sì mọ bí àṣà ìlú wa ṣe fi ẹ̀fẹ̀ sáàárín irú wa. Bí mo bá bú u, eré ni. Bó bá pè mí lẹ́rú, tàbí tó já fìlà mi gbà, eré ni. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi. Mo ní, “Shani, bátìrì yìí á fò lọ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan.” Ó yíjú sí àwọn èrò: “Ẹrú bàbá mi ti dé o! Tíṣà, ta ló ní kí ẹrú máa yọjú wo inú ọkọ̀ ọ̀gá rẹ̀?” Ìyá wa Napaga ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. “Imoro, dá a lóhùn! Má jẹ́ kó mú un jẹ!”

Ní oṣù Keje, mo ra irin tuntun ní Tamale, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì méjì àti rọ́bà ìborí, mo gbé e fún un. Ó ki okùn bọ irin náà, ó fi kọ́ ọrùn, ó sì gbé e lọ sí ọjà Yendi. “Ẹ wá wo ẹ̀gbà ọrùn tí ẹrú mi rà fún mi!” Bí mo ṣe ń fajú ro tó ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín tó. Mo bẹ ìmáàmù kó bá mi dá sí i. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kì í dá sí ọ̀rọ̀ eré. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, n kò sì rí ohùn kan tí mo lè fi bá Shani sọ̀rọ̀ tí kò ní di àwàdà.

Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀, ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn ìrun àárọ̀, ẹnu ìyá wa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ wọn kò sì já geere mọ́. A gbé wọn sí iwájú ọkọ̀, mo fi orí wọn lé àyà mi, Shani sì sáré gba ọ̀nà ilé ìwòsàn Yendi. A ti rin bíi máìlì mẹ́fà kí a tó kó sínú kòtò kan tí òjò gbẹ́ sí ẹ̀bá afárá. Nǹkan ró gbì níwájú, èéfín sì yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Rọ́bà ti já. Bátìrì ti fò kúrò láàyè rẹ̀, orí rẹ̀ ti kan irin bọ́nẹ́ẹ̀tì, iná sì ti ràn. Shani fi iyanrìn pa iná náà, ṣùgbọ́n wáyà ńlá ti yọ́, ẹ̀gbẹ́ bátìrì sì ti là. Mo mọ ohun gbogbo tó bàjẹ́ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Dawuni, kò sì sí èyí tí mo lè tún ṣe. Fóònù kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Láti aago méje la ti jókòó síbẹ̀ títí aago mọ́kànlá fi kọjá, kí ọkọ̀ akóṣu kan tó dé. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìyá wa fi di ọwọ́ mi mú. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án, n kò mọ ìdìmú náà lára mọ́.

Dókítà ní bó bá jẹ́ pé a tètè dé ni, bóyá. N kò bi í ní ìyókù.

Wọ́n ti dá wọn padà sílé, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Shani ti fi irin yẹn de bátìrì tuntun. Mo fọwọ́ mì í, kò mira rárá.

Lánàá, ó wá jókòó síwájú ìyá rẹ̀. Ìyá wò mí, wọ́n wò ó, wọ́n tún wò mí, bí wọ́n ti máa ń ṣe bí wọ́n bá ń retí kí a bẹ̀rẹ̀. Mo ní, “Shani olórí akèrègbè, ta ló ní kí ẹrú mi jókòó níwájú mi?” Ìyá gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, apá òsì ẹnu wọn nìkan ló gbéra. Shani ń wo ilẹ̀.

Ó ní, “Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n Imoro.”

Láti ìgbà tí a ti dáyé, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ. Bí o bá yà lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, jọ̀wọ́, má bi Shani léèrè ọkọ̀.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ọjọ́ Tamale,

Imoro.